Erékùṣù Tí Kò Séèyàn Níbẹ̀

Fídíò kan ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọ̀kan nínú wa ló fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan: omi tó mọ́ gaara, igi àgbọn mẹ́ta tó tẹ̀ sórí iyanrìn funfun, ilé onípákó kan tí wọn ò mọ ògiri sí, kí atẹ́gùn lè máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò náà ní erékùṣù ọ̀hún kéré débi pé èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn yí i po kí tíì tó bu sí ife tó tutù. Ó wá parí ẹ̀ pé kò ní sẹ́nì kankan níbẹ̀ àfi àwa.

Ká sọ tòótọ́, gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló mú wa. Àwa mẹ́fà la jọ ń ṣe, Abẹ́òkúta ni gbogbo wa ń gbé, a bí àwọn kan níbẹ̀, àwọn kan wá kàwé níbẹ̀ tí wọn ò sì padà lọ mọ́. Ẹni tó bá ń gbé ní Ìtòkú láàárín àwọn aládìrẹ, tí jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ń dún létí fèrèsé rẹ̀, tí ìsọjí ń lọ lápá ọ̀tún, tí wọ́n sì ń pèrun lápá òsì, kò nílò kẹ́nì kankan ṣàlàyé ìdákẹ́rọ́rọ́ fún un. Ó mọ iye tó máa san láti rí i rà.

Apá wa ò ká erékùṣù inú fídíò yẹn ṣá. Ilashe lapá wa ká. Ilashe kì í ṣe erékùṣù gan-an tá a bá ní ká wọn ọ̀rọ̀ ká tó sọ ọ́. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, òkun wà níwájú ẹ̀, omi ọ̀sà wà lẹ́yìn ẹ̀, ọkọ̀ ojú omi sì làwọn èèyàn fi ń débẹ̀ láti Èkó. Àwọn olówó ti kọ́lé ìgbafẹ́ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fi wọ́n háyà fún irú àwa báyìí tó bá dáwó jọ. A dáwó jọ fún oṣù mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wa yá lára owó tirẹ̀, kò sì tíì san án tán bá a ṣe ń kọ èyí.

Láàárọ̀ kùtù, a wọ rélùwéè ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ, a bọ́ọ́lẹ̀ ní Ébúté Mẹ́ta, a wá wá ọ̀nà dé ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra. Wọ́n fún wa ní jákẹ́ẹ̀tì ọlọ́sàn-án tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Bá a ṣe ń lọ, ọ̀kan nínú wa tó fẹ́ràn máàpù ń sọ fún wa pé odò Ògùn tó ń gba abẹ́ afárá Láfẹ́nwá kọjá, inú ọ̀sà Èkó yìí ló ń wọ̀, ẹnu èbúté yìí náà ló sì ń gbà jáde sínú òkun. Inú wa dùn sí i. Ó dà bíi pé omi ilé wa ló kọ́kọ́ débẹ̀ lọ pèsè àyè sílẹ̀ dè wá.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká parọ́, ibẹ̀ dáa. Ó dáa ju fídíò lọ. Òkun ń hó, afẹ́fẹ́ iyọ̀ ń fẹ́, kò sí ìwo ọkọ̀, kò sí ẹni tó ń pe Kútọ̀-Kútọ̀-Ṣápọ́n. A sùn lọ́sàn-án bí ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ kejì la wá jókòó sórí iyanrìn, a ń sun ẹja tá a gbé láti Abẹ́òkúta wá (àwa tá a lọ sétí òkun gbé ẹja dídì dání láti ilé, ẹ bá wa rẹ́rìn-ín), ìyá àgbà kan sì ń bọ̀ láti apá abúlé tó wà nítòsí. Etídò ló ń gbà, níbi tí ìgbì ti ń mú kí iyanrìn le. Ó ru abọ́ ẹja tútù. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa tí sikiọ́rítì ilé náà fi sáré pàdé ẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà. Àwọn àlejò wà níbí."

Ìyá yẹn wò ó. "Ṣebí àwọn àlejò náà ni mo gbé ẹja wá fún."

"Mo mọ̀, mà. Wọn ò fẹ́ kẹ́nì kankan gba ibí kọjá ni."

Àwa là ń pè ní "wọn" yẹn o. Kò sẹ́ni tó bi wá. Ìyá náà gbójú sókè sí wa, ó ní, "Ẹ kú ìgbádùn o, ẹ̀yin ọmọ mi," a sì dáhùn pọ̀ bí ọmọ ilé ìwé, "Ẹ ṣé, mà." Ó yípo, ó bá ẹ̀yìn ilé gbà, nínú iyanrìn rírọ̀ tó máa ń mu èèyàn dé ọrùn ẹsẹ̀. A wò ó títí tá ò fi rí i mọ́. Kò sẹ́ni tó dìde nínú wa. Ohun tó ń dùn wá jù nìyí, kì í ṣe ohun tí sikiọ́rítì ṣe. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún ló ń ṣe, ó sì bẹ ìyá yẹn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Nígbà tá a délé la bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa: kí la lọ rà gan-an? Iyanrìn kọ́, torí iyanrìn ilé yẹn àti ti abúlé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ọ̀kan náà ni. Òkun kọ́, òkun ò mọ ibi tí ọgbà ilé ẹnì kan parí sí. Àgbọn ń bẹ lọ́jà Kútọ̀. Tá a bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, ohun tó kù ni pé ìyá ẹlẹ́ja ò ní gba iwájú wa kọjá. Òun ni wọ́n ń pè ní "kò ní sẹ́nì kankan níbẹ̀" nínú fídíò. A rò pé ibi tí kò séèyàn là ń lọ. Àwọn èèyàn wà níbẹ̀ kí ilé tá a háyà tó wà. Wọ́n kàn ń bá wa dá wọn dúró ni, àwa la sì sanwó ẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa ò gbà. Ó ní ṣé àwa kì í ti ilẹ̀kùn yàrá wa ni? Ṣé tí ìyá ẹlẹ́ja bá gba pálọ̀ wa kọjá, a ò ní bi í pé kí ló ń wá? Ẹni tó fowó ra nǹkan, ó ní, ló ni ín, ẹni tó bá sì háyà ẹ̀ fún ọjọ́ méjì ló ni ín fún ọjọ́ méjì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkà. Ẹni tó gbé láàárín ariwo látìgbà tí wọ́n ti bí i ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ méjì tí ò ní sẹ́ni tó máa bá a sọ̀rọ̀. A sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé àwọn ọmọ abúlé yẹn ló ń bá ilé náà ṣọ́ ọgbà, tí wọ́n ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń wa ọkọ̀. Owó wa dé ọwọ́ àwọn kan níbẹ̀.

Ìbéèrè pálọ̀ yẹn la ò tètè rí dáhùn. Ó pẹ́ kó tó yé wa pé pálọ̀ ò sí lójú ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gba pálọ̀ wa kó tó dé odò.

Ẹni tó ń kọ́ òfin nínú wa mú ọ̀rọ̀ ìjọba wá. Ó ní Òfin Ìlò Ilẹ̀ tó jáde lóṣù Kẹta ọdún 1978 ti gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lé gómìnà lọ́wọ́, pé kó máa bá gbogbo ará ìlú tọ́jú ẹ̀. Ta ló ń ṣolórí ìjọba ológun nígbà yẹn? Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu, ọmọ Abẹ́òkúta wa níbí. Ìdílé ló ni ilẹ̀ nígbà kan, àwọn tó ti kú, àwọn tó wà láyé àtàwọn tí wọn ò tíì bí. Òfin yìí wá fi gómìnà sórí gbogbo wọn. Ó dáa lójú ìwé. Àmọ́ ohun tó bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan fún gbogbo èèyàn, ọwọ́ ẹni kan náà ló wà tó bá kan ọ̀ràn ta ló máa kúrò níbẹ̀.

Ọ̀nà tá a gbà lọ sí Ilashe, a kọjá létí Tarkwa Bay. Àwọn ọmọ tó ń fi pákó gun ìgbì ló sọ ibẹ̀ dolókìkí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi dé síbẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ará ibẹ̀ kó jáde, torí àwọn kan ń jí epo inú páìpù tó gba àgbègbè yẹn kọjá. Nǹkan bí 4,500 èèyàn ló di aláìnílé. Ẹni tó jí epo àti ẹni tó ń din puff-puff, wọ́n jọ lọ. Màrókò lọ́dún 1990 jùyẹn lọ: nǹkan bí 300,000 èèyàn, ibẹ̀ sì ti di ara àdúgbò olówó lónìí. A ò sọ pé àwa àlejò la lé wọn. A kàn ń sọ pé létí omi Èkó, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń mú kí ibi téèyàn ń gbé di ibi tí kò séèyàn, àwa sì máa ń dé lẹ́yìn náà pẹ̀lú báàgì àti fóònù, à ń ní ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án. Ìyá ẹlẹ́ja ló ń bá wa san tiwa, nínú iyanrìn rírọ̀ lẹ́yìn ilé.

Ọdún 1978 kan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Richard Branson, ra erékùṣù kékeré kan tó ń jẹ́ Necker ní British Virgin Islands. Nǹkan bí éékà 74 ni. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ìtàn náà: mílíọ̀nù dọ́là mẹ́fà ni wọ́n pè é, ó san 180,000, wọ́n sì ní tí kò bá kọ́ ibi ìgbafẹ́ síbẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀, erékùṣù á padà di ti ìjọba. Ó kọ́ ọ. Bí ẹ bá lówó ẹ̀, ẹ lè háyà odindi erékùṣù náà, kí ẹ sì wà níbẹ̀ bí ọba. Àwọn èèyàn kà á sí òpin ìgbádùn láyé.

Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ìjì líle kan tí wọ́n pè ní Irma jà níbẹ̀. Ó wó ilé, ó fa igi tu. Branson àtàwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ sá sínú yàrá tí wọ́n ń kó wáìnì sí lábẹ́ ilé. Onílé àti aṣèránṣẹ́, wọ́n jọ há mọ́ abẹ́ kọnkéré kan náà, wọ́n ń gbọ́ bí ayé ṣe ń ya lókè orí wọn. Nígbà tá a ka ibẹ̀, a wo ara wa lójú. Ọmọ Ẹ̀gbá wo ni kò mọ ìtàn yìí?

Àbí kí la ṣe ń jẹ́ Abẹ́òkúta? Nǹkan bí ọdún 1830, nígbà tí ogun ti tú àwọn ìlú inú igbó Ẹ̀gbá ká, abẹ́ òkúta làwọn baba wa wá sá sí, Ṣódẹkẹ́ ló ń darí wọn. Kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo ló sá wá. Ìlú tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ, ìjòyè àti òrìṣà tirẹ̀. Àwọn Òwu dé lẹ́yìn náà. Àwọn Sàró náà dé láti Sierra Leone, àwọn tí wọ́n ti tà lẹ́rú rí tí wọ́n sì ń wá ojú ọ̀nà ilé. Gbogbo wa la jẹ́ àlejò níbí. Ẹ wo inú ihò abẹ́ Olúmọ lónìí, ẹ ó rí ojú ibi tí àwọn obìnrin ti lọ nǹkan sórí òkúta títí tó fi jin kòtò. Ẹnì kan ò dá a lọ.

Ẹnì kan sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Àwọn àgbà máa ń pe Abẹ́òkúta ní Oko Adágbà. Àgbẹ̀ ará Ìtokò ni Adágbà, ibẹ̀ lóko rẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò: oko baba kan ni wọ́n ya wọ̀, tẹrùtẹrù, tọmọtọmọ. Ká ní Adágbà ti mọ ọgbà yí àpáta náà ká ni, kó gba sikiọ́rítì síbẹ̀, kó ní òun ò fẹ́ kẹ́nì kankan gba ibí kọjá, níbo là bá wà lónìí? Oko ọ̀hún ti di ìlú, kò sì ku nǹkan kan tẹ́nì kankan lè fi ọgbà yíká níbẹ̀, orúkọ ẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù. A ò mọ̀ bóyá inú ẹ̀ dùn sí i o. Ó lè jẹ́ pé ó bínú. Ohun tó ṣàǹfààní fún wa lè má ṣàǹfààní fún un, kò sì yẹ ká máa fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ rò pé à ń sọ pé Yorùbá ò mọ ohun tó ń jẹ́ "má wọ̀ ọ́." Ta ló fẹ́ dán igbó Orò wò? Tí Orò bá jáde nílẹ̀ Ẹ̀gbá, obìnrin á wọlé, ilẹ̀kùn á tì, àwọn méjì tó jẹ́ obìnrin nínú wa sì ní ohun púpọ̀ láti sọ lórí ẹni tí wọ́n máa ń lé wọlé nígbà gbogbo. (Wọ́n ní ká kọ ọ́ síbí pé ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán láàárín wa. A ti kọ ọ́.) Olúmọ fúnra rẹ̀ ní géètì. Látìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe, tí wọ́n sì ṣí i lọ́dún 2006 pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè, tíkẹ́ẹ̀tì lèèyàn ń já kó tó gun àpáta tó gba àwọn baba rẹ̀ là. Ó máa ń rí bákan lára wa. Àmọ́ a ti rí etí òkun tí kò ní géètì lọ́jọ́ kejì Kérésì, a rí ọ̀rá àti ìgò níbẹ̀, a sì mọ̀ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbá a.

Torí náà ọgbà nìkan kọ́ lẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó ń yọ wá lẹ́nu, àṣà oko ló jẹ́ ká rí orúkọ fún un. Oko ní olóko, kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn ẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n kọ́ wa pé ẹni tí ebi bá pa lójú ọ̀nà lè yà sínú oko, kó jẹ níbẹ̀ títí tó fi yó. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó di í sápò lọ sílé. Wọ́n sì kọ́ wa pé èèyàn lè ni oko lọ́tùn-ún lósì, kó ni ẹ̀ dé etídò, kò gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà odò. Ẹni tó bá dí ọ̀nà odò, kò sí ìwé tó lè gbé jáde lójú àwọn àgbà. Torí ẹni tó ń lọ pọnmi ò wá wo oko ẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò wá bá ẹ ṣeré. Ó ń kọjá ni.

Ọ̀nà odò ni ìyá yẹn ń gbà. Ká ní wọ́n jẹ́ kó kọjá, kí ló máa gbà lọ́wọ́ wa? Ìṣẹ́jú méjì. À bá kí i, à bá má ra ẹja ẹ̀ tá ò bá fẹ́, ì bá sì lọ. Òkun á ṣì máa hó. A fẹ́ràn ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn, a ò ní sẹ́ ẹ, a tilẹ̀ ṣì ń fẹ́ ẹ. Ìdákẹ́rọ́rọ́ tí ìkíni ìyá àgbà kan lè bà jẹ́ la ò mọ bá a ṣe fẹ́ máa pè.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ la gun Olúmọ, gbogbo wa. A já tíkẹ́ẹ̀tì, àtẹ̀gùn la gbà. Ìyá kan ń ta obì nísàlẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé ń pariwo, bàbá kan tó ń fi àpáta han àwọn èèyàn gbà wá lẹ́tí ju bó ṣe yẹ lọ, ó bi wá pé ọmọ ta ni wá níkọ̀ọ̀kan, ó sì bá ọ̀kan nínú wa tan. Kò sí ìdákẹ́rọ́rọ́ níbẹ̀ rárá. Láti orí àpáta, à ń wo páànù ìlú tó ti pọ́n, a sì ń wo odò Ògùn tó ń lọ sápá Èkó.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, fídíò tuntun wọlé sórí WhatsApp. Erékùṣù míì ni, Ìlú Òyìnbó ni, owó rẹ̀ ti wálẹ̀. Ọ̀kan nínú wa kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: "Ibo làwọn ẹlẹ́ja ibẹ̀ ń gbà?" Kò sẹ́ni tó tíì dáhùn. Ẹni kan ti san àsansílẹ̀ tirẹ̀.